Sípíríǹgì Fáàfù: Èyí Tó Le Jù Kọ́ Ló Dára Jù

Àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kan wà tí gbogbo ayé mọ orúkọ wọn. Písítìnì, gáskẹ́ẹ̀tì, plug: ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí pàápàá á ti gbọ́ wọn lẹ́nu mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, tí ẹnikẹ́ni kì í kí kú iṣẹ́, àfi ọjọ́ tó bá kán. Òun ni sípíríǹgì tó ń ti fáàfù padà sí àyè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Nínú ẹ́ńjìnnì four-stroke, fáàfù kọ̀ọ̀kan máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan tí crankshaft bá ti yí lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá ń sáré ní 3,000 rpm, ìyẹn ni pé crankshaft ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan á ṣí nígbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Láàárín wákàtí kan, ó ti di ìgbà 90,000. Ọkọ̀ Honda S2000 àkọ́kọ́, tó jáde ní 1999, láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti fún un láyè láti yí dé 9,000 rpm. Níbẹ̀, ìgbà 75 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó sọ pé "ẹ káàárọ̀" tán, sípíríǹgì ti ká jọ, ó sì ti nà padà, nígbà 75.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní irú S2000 yìí. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ camshaft rẹ̀ sí èyí tó máa ṣí fáàfù sókè sí i, kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa ní orí eré. Camshaft tuntun túmọ̀ sí sípíríǹgì tuntun. Ni wọ́n bá fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ "heavy duty" sí ara páálí rẹ̀ gàdàgbà, ẹni tó ń tà á ní ó fi ìdajì le ju ti Honda lọ. Owó rẹ̀ ò wọ́n, nọ́ńbà kan ò sì sí lára rẹ̀ ju iye owó lọ. Ìkejì kàn fi díẹ̀ le ju ti Honda, ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, àmọ́ ìwé tó kún fún nọ́ńbà tẹ̀lé e. Wọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ lo ń kàwé nípa irin. Èwo ni kí n rà?"

Ìdáhùn mi gùn ju ohun tí WhatsApp lè gbà lọ, ni mo bá kọ ọ́ síbí.

Kí ni sípíríǹgì ń ṣe gan-an?

Káàmù ló ń ṣí fáàfù. Ó ní imú kan tó yọ síta. Bí imú yẹn bá ti yí dé, á ti fáàfù wọlé, atẹ́gùn á wọ inú sílíńdà tàbí kí èéfín jáde. Ṣùgbọ́n káàmù mọ títì nìkan ni, kò mọ fífà. Tí imú bá ti kọjá, sípíríǹgì ló gbọ́dọ̀ gbé fáàfù padà, kí ó sì máa tẹ̀lé káàmù pẹ́kípẹ́kí láìfi í sílẹ̀ rárá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé fáàfù ní ìwúwo, ohun tó bá sì ní ìwúwo kì í fẹ́ yí ojú padà lójijì. Agbára tí ẹ nílò láti dá a padà kì í lọ sókè ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré ẹ́ńjìnnì. Ó ń lọ sókè bí eré náà ṣe ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Láti 6,000 sí 7,000 rpm, eré fi nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ṣùgbọ́n agbára tí sípíríǹgì gbọ́dọ̀ ní fi ìdá 36 lé sí i. Láti 6,000 sí 7,500, ìdá 56 ni.

Bí agbára sípíríǹgì ò bá tó, fáàfù á fi káàmù sílẹ̀, á máa fò. Bó bá sì padà wálẹ̀, kò ní jókòó jẹ́jẹ́, á gbá ìjókòó rẹ̀, á tún ta sókè. Èyí léwu jù nínú ẹ́ńjìnnì tí písítìnì àti fáàfù jọ ń lo àyè kan náà ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí àwọn méjì tó ń pín bẹ́ẹ̀dì kan lò, tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, tí ìkejì ń ṣiṣẹ́ òru. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá pẹ́ dìde, wọ́n á kọ lu ara wọn. Fáàfù á tẹ̀ tàbí kí orí rẹ̀ já sínú sílíńdà, písítìnì á lu. Ẹ ti mọ ohun tó kù: ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn.

Ṣé ká kàn ra èyí tó le jù?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní, "Tí èyí tó rọ̀ bá ń fa wàhálà, kí n ra èyí tó le jù, kí ọkàn mi balẹ̀." Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ò gbà á.

Ní 1678, Robert Hooke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ òfin kan jáde tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní: bí ẹ bá ṣe tẹ sípíríǹgì tó ni á ṣe tì yín padà tó. Ẹ jẹ́ ká lo nọ́ńbà àpẹẹrẹ, tí kì í ṣe ti ọkọ̀ kan pàtó. Ká ní sípíríǹgì kan ga ní milimítà 38 nígbà tí wọ́n ti dè é sórí fáàfù tó wà ní pípadé, tó sì ń fi 200 Newton ti fáàfù náà. Ká ní milimítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí i ń fi 30 Newton lé e. Tí káàmù bá ṣí fáàfù ní milimítà 10, agbára náà ti di 500 Newton. Ìyẹn ni ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì kan. Ẹ wá rò ó: àpò sìmẹ́ńtì kan lórí imú káàmù kékeré, fún fáàfù kọ̀ọ̀kan, ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Gbogbo agbára tí ẹ bá fi kún un láìnídìí, ara káàmù ló ń họ. Ó ń mú ooru wá, ó ń jẹ díẹ̀ nínú agbára tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ fún táyà, ó sì ń fi ara irin sípíríǹgì fúnra rẹ̀ sábẹ́ ìnira.

Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà mú sípíríǹgì le sí i? Èyí tó rọrùn jù ni pé kí wọ́n lo wáyà tó sanra sí i. Líle sípíríǹgì máa ń tẹ̀lé sísanra wáyà tí a sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí wáyà bá kúrò ní milimítà 4 tó di 4.4, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún péré lẹ rò pé ẹ fi kún un, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ ti fi ìdá 46 lé sí i. Ohun tí ẹni tó kọ "heavy duty" sí páálí ò sọ fún yín rèé: wáyà tó sanra ń gba àyè. Ká ní wáyà sípíríǹgì àpẹẹrẹ wa ká lọ́nà mẹ́fà àtààbọ̀. Pẹ̀lú wáyà milimítà 4, bí gbogbo ìká bá fara kanra, gíga rẹ̀ á jẹ́ milimítà 26. Bí fáàfù bá ṣí tán, sípíríǹgì ga ní 28, torí náà àlàfo milimítà 2 ló kù. Pẹ̀lú wáyà 4.4, gíga ìfarakanra yẹn ti di 28.6. Ìyẹn ni pé sípíríǹgì á ti di igi gbọọrọ kan kí fáàfù tó ṣí tán. Káàmù ò mọ̀, kò sì ní dúró. Ohun kan gbọ́dọ̀ fọ́.

Ẹ ò ní láti dé orí eré kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ti yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣẹlẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè

Torí náà, kí owó tó kúrò lápò, ẹ béèrè nọ́ńbà mẹ́rin yìí: gíga tí wọ́n ń dè é sí, agbára rẹ̀ ní gíga yẹn, iye Newton tí milimítà kọ̀ọ̀kan ń fi kún un, àti gíga rẹ̀ nígbà tí gbogbo ìká bá fara kanra. Pẹ̀lú mẹ́rin yìí àti ìwọ̀n tí camshaft yín ń ṣí fáàfù, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe ìṣirò tó kù.

Ẹ má gbàgbé láti wọn top cylinder tiyín. Bí wọ́n bá ti gé ìjókòó fáàfù rí, fáàfù á ti wọlé díẹ̀, sípíríǹgì á sì ní àyè ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, milimítà kan péré á mú 200 Newton wálẹ̀ sí 170. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ, láìjẹ́ pé sípíríǹgì náà ní àléébù kankan. Wọ́ṣà tínrín kan lábẹ́ rẹ̀ ló máa tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ̀n ọ́n nìkan ló máa mọ̀.

Nígbà tí sípíríǹgì bá ń gbọ̀n

Ṣé ẹ ti ti ọmọdé lórí jangilófà rí? Tí ẹ bá ń tì í ní àsìkò tó bá ìrìn rẹ̀ mu, ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó láti gbé e dókè. Sípíríǹgì náà ní ìgbọ̀nrìrì tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá dé eré kan tí títì káàmù bá ìgbọ̀nrìrì yẹn mu, ìgbì á máa sáré lọ sókè sódò láàárín àwọn ìká rẹ̀. Ní àsìkò yẹn, agbára tó wà lórí ìwé kọ́ ni agbára tó wà lórí fáàfù. Sípíríǹgì tó le dáadáa pàápàá lè sọ fáàfù nù báyìí.

Àwọn ẹnjiníà ní ọgbọ́n méjì tí ẹ máa rí lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni sípíríǹgì méjì nínú ara wọn, tí èyí tó wà nínú ń fara ra tìta díẹ̀. Ìfararà yẹn ló ń pa ìgbọ̀nrìrì. Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé bí ọ̀kan bá kán, ìkejì lè di fáàfù mú kó má jábọ́ sínú sílíńdà. Ọgbọ́n kejì ni sípíríǹgì tó gbòòrò nísàlẹ̀ tó sì tóóró lókè bí ilé oyin. Torí pé ìká rẹ̀ kò dọ́gba, gbogbo rẹ̀ kì í gbọ̀n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí rẹ̀ tó kéré tún jẹ́ kí retainer, àwo kékeré tó ń dè é mọ́ fáàfù, fúyẹ́. Ohun tó bá sì fúyẹ́ rọrùn láti dá padà. Ẹ rí i pé ọgbọ́n kejì yìí ò fi líle kankan kún un. Ẹrù ló dín kù.

Àwọn kan tiẹ̀ sá fún sípíríǹgì pátápátá. Ducati ti ń lo káàmù tó ń ṣí fáàfù tó tún ń pa á dé láti ọdún 1956, iṣẹ́ Fabio Taglioni. Ní Formula 1, Renault fi atẹ́gùn tí wọ́n há mọ́ rọ́pò sípíríǹgì irin ní 1986. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin, irin la ní.

Ohun tí ojú ò rí

Ibí yìí ni iṣẹ́ tèmi wà. Irin máa ń rẹ̀. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, August Wöhler, ẹnjiníà rélùwéè ní Jámánì, ṣe ìwádìí lórí áàsù ọkọ̀ ojú irin tó ń kán láìjẹ́ pé ẹrù rẹ̀ kọjá ohun tó lè gbé. Ó fi hàn pé ẹrù tí irin gbé lẹ́ẹ̀kan láìmira lè pa á tó bá gbé e nígbà mílíọ̀nù.

Nínú láàbù, mo máa ń wo ojú ibi tí irú irin bẹ́ẹ̀ kán sí lábẹ́ máíkíróskópù. Nígbà míì, ẹ ó rí róbótó kan tó ń dán, tí ẹ̀gún dúdú kékeré kan wà láàárín rẹ̀ gan-an. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ojú ẹja, torí bó ṣe rí náà nìyẹn. Ẹ̀gún tó wà láàárín yẹn ni ìdọ̀tí tó kù sínú irin nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ. Ó lè má tó ìdajì sísanra irun orí. Láti ibẹ̀ ni sísán ti bẹ̀rẹ̀, tó ń gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí káàmù bá tẹ̀ ẹ́, títí ó fi já.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lásán ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Subaru ké sí nǹkan bí ọkọ̀ 400,000 kárí ayé kí wọ́n padà wá nítorí sípíríǹgì fáàfù tó lè kán. BRZ wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Toyota 86 tó jẹ́ ìbejì rẹ̀, Impreza àti Forester. Àlàyé wọn ní apá méjì. Àkọ́kọ́, wọn ò ṣe ìṣirò ẹrù tí sípíríǹgì máa gbé dáadáa, torí náà ẹrù náà lè kọjá ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ìkejì, ìdọ̀tí tíntìntín wà nínú irin tí wọ́n fi ṣe àwọn kan. Ẹ kíyè sí i: bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wà lóun nìkan, ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì náà rọ́gbọ́n dá. Ìgbà tí wọ́n pàdé ni wàhálà dé. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ẹ̀rọ ìdánwò nìyẹn o.

Ìdí nìyẹn tí owó sípíríǹgì tó dára fi ń wọ́n. Wáyà chrome-silicon tó mọ́ ni wọ́n ń lò, nígbà míì wọ́n á fi vanadium sí i. Wọ́n á wá fi ọta irin kéékèèké rọ̀jò lù ú. Ọta yẹn ń tẹ awọ irin mọ́ra, àti pé sísán kì í rọrùn láti là níbi tí irin bá ti ń fún mọ́ra. Lójú lásán, èyí tí wọ́n ṣe báyìí àti ayédèrú lè jọra bí ìbejì. Líle kò sì ní fi ìyàtọ̀ wọn hàn ní ọjọ́ kìíní. Mílíọ̀nù ìgbà ló máa fi í hàn.

Bí a ṣe ń yàn án

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi rèé:

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe camshaft. Ó mọ bí imú káàmù rẹ̀ ṣe ga tó àti bó ṣe yára tó. Bó bá dárúkọ sípíríǹgì kan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwákiri.

2. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú retainer tí wọ́n ṣe fún un, lọ́wọ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ sí oníbàárà rẹ̀. Ẹ má fi ti ilé-iṣẹ́ kan lé orí ti òmíràn.

3. Ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Fáàfù 16 wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn agbára sípíríǹgì wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún top cylinder ṣe. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan dé gíga tí ìwé sọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá yàtọ̀ gédégédé sí àwọn yòókù, ẹ dá a padà.

4. Ẹ wo àlàfo tó kù nígbà tí fáàfù bá ṣí tán. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé. Nǹkan bí milimítà kan àtààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lò.

5. Ẹ má fi pílíà dì í mú, ẹ má fi fáìlì kọ àmì sí i lára, ẹ má fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Ojú ọgbẹ́ kékeré tàbí ìpẹtà tó bí ihò bí orí abẹ́rẹ́ tó láti bẹ̀rẹ̀ sísán. Ẹ fi òróró pa á títí ẹ ó fi dè é.

6. Ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná jẹ́jẹ́, kí ẹ pa á, kí ó tutù pátápátá, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré.

7. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Èyí tí agbára rẹ̀ bá ti fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ ti fẹ̀yìn tì.

Mo tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un: sípíríǹgì ò lè gba ẹni tó bá jin jíà sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ jíà kẹrin lórí eré tó wá já sí ìkejì, táyà ló máa fipá yí ẹ́ńjìnnì kọjá ààlà, kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè ṣe sí i.

Ìkejì ni wọ́n rà. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ọ̀kan nínú 16 rọ̀ ju àwọn yòókù lọ, ẹni tó tà á sì pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata. Ó ní nọ́ńbà tó ṣèlérí, nọ́ńbà yẹn la fi bá a sọ̀rọ̀. Ti "heavy duty", kí lẹ fẹ́ mú dání lọ bá ẹni tó tà á?

Tí ẹ ò bá tiẹ̀ ní ọkọ̀ eré

Ẹni tó ń wa tọ̀kúnbọ̀ lásán lè sọ pé kí ló kan òun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọkọ̀ tó ti rin kìlómítà 100,000, ká ní ní kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 2,000. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 2,000 rpm, sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan ti ká jọ nígbà mílíọ̀nù 120. Sípíríǹgì ilé-iṣẹ́ tó dára lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó tún máa bá iṣẹ́ lọ, torí pé wọn ò fi eré àṣejù pa á lára. Ṣùgbọ́n tí mẹkáníìkì bá ṣí top cylinder yín nítorí gáskẹ́ẹ̀tì, tó wá ní kí ẹ ra sípíríǹgì tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì míì, ẹ rántí pé òǹkà wà lára ìyẹn náà, kò sì sẹ́ni tó lè kà á fún yín. Wíwọ̀n nìkan ló kù.

Torí náà, bí oníṣòwò bá sọ pé tòun ló le jù lọ́jà, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì béèrè: ó ga tó mélòó nígbà tí wọ́n bá dè é, ó ń ti fáàfù pẹ̀lú Newton mélòó, gíga wo ni ìká rẹ̀ ti ń fara kanra? Bó bá mú ìwé jáde, ẹ jókòó kí ẹ jọ kà á. Bó bá kàn ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa bá tiyín lọ.